Fúyẹ́, Ẹ̀mí Ẹ̀rọ tí Ọdẹ́rìnlọ Gbé Bọ̀ láti Òkè Gbangba

Ẹni tí ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn mi, ẹ di òwe yìí mú bí ẹni di okùn mú nínú odò tó kún, nítorí òun ni yóò fà wá gúnlẹ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí á la ọ̀nà tí kò ní sí ẹni tí yóò bá wa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àṣẹ.

Ọdẹ kan wà ní ìlú Ìdí-Àyìn, Ọdẹ́rìnlọ ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ a-fi-èéfín-ìbọn-kí-ẹfọ̀n-káàárọ̀, a-rìn-nínú-igbó-bí-ẹni-rìn-nínú-yàrá-ìyá-rẹ̀. Àgbọ̀nrín gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó padà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún rẹ̀ ti ń ké, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbó rárá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó jókòó lórí àga gbọọrọ níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wá wọn ọmọ yí i ká. Ògúnsakin, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń figagbága láti ọgbọ̀n ọdún, fara ti igi, ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ irùngbọ̀n. Nínú ilé, Tinúọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́rìnlọ bí sáyé, ti ń rọbí láti òwúrọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fo nǹkan kan. Ibi tí ẹ bá fò lè jẹ́ ibi tí àrùn náà wà."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé ìgbẹ̀bí Ìdí-Àyìn ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, arúgbó ẹ̀rọ ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ gbogbo aboyún ìlú sí, ohun tí ara kálukú gbà àti ohun tí ara rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí Tinúọlá bí àkọ́bí rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gún un tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Nọ́ọ̀sì ayé ìgbà náà kọ orúkọ abẹ́rẹ́ ọ̀hún sínú ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ ti dolóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà.

Ẹ̀rọ kì í sì í dá ṣiṣẹ́. Bí ara láìsí ẹ̀mí ti rí ni kọ̀ǹpútà rí láìsí ẹ̀mí tí ń darí rẹ̀. Ẹ̀mí yìí ní í jí i láàárọ̀, òun ní í pín iṣẹ́ fún ojú àti ọwọ́ rẹ̀, òun náà ni aṣọ́bodè. Ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ajẹgboro ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi, ó ń jẹ gbogbo agbára ẹ̀rọ náà tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ilẹ̀kùn ló sì wà lára rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n wà fún. Ibẹ̀ ni Olè Aláìlẹ́sẹ̀, tí ń gba inú afẹ́fẹ́ rìn, gbà wọlé, tó ń fi àgádágodo ti ojú ìwé àwọn aboyún pa. Ni ìlú bá lé Ajẹgboro jáde, wọ́n sì ní kí Ọdẹ́rìnlọ lọ wá ẹ̀mí mìíràn wá, èyí tí yóò gba inú arúgbó ẹ̀rọ, tí yóò sì lè ṣọ́lé.

Ó lọ. Àná ló dé. Ó ní kí gbogbo ènìyàn kọ ẹ̀yìn sí òun, ó ki nǹkan kan bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà jí bí ọmọ tó sùn yó. Ìlú hó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ òní mọ́, olè ti tún wà níbẹ̀, ó ń ti orúkọ pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀lé a-b-d bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀mí tuntun náà kò ṣí ojú ìwé kankan fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn, bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu.

"Ó ti dé Mopélọ́lá," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Bó bá fi dé T kí n tó rí ojú ìwé Tinúọlá, ojú dídì ni mo máa fi yan abẹ́rẹ́."

"Sọ ìtàn rẹ," ni Ògúnsakin wí. "Àbí o fẹ́ fi ìdajì pamọ́, bí o ṣe fi ewé ejò pamọ́ fún wa lọ́gbọ̀n ọdún?"

Ọdẹ́rìnlọ fi ọwọ́ kan àpò kékeré tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó tètè yọ ọwọ́ kúrò. Ewé oògùn oró ejò rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí kò sí ọdẹ mìíràn tó mọ̀ ọ́n. Ó wúkọ́.

"Ẹ fi ọmú sí àwọn ọmọ yín lẹ́nu kí wọ́n má bàa bá mi pa ohùn pọ̀," ni ó wí. "Ohun tí ojú mi rí, bí ó bá ṣe ojú ẹlòmíràn ni, ojú náà ìbá ti bọ́."

Báyìí ni ìrìn náà rí. Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gbé àpò mẹ́sàn-án kọ́ ara, ó gbàdúrà sí Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ó wọ igbó. Ìlú àkọ́kọ́ tó dé ni Ìlú Aṣọ-Bòmọ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀mí ẹ̀rọ. Gbogbo ẹ̀mí ibẹ̀ tóbi bí àká, gbogbo wọn ni wọ́n sì fi aṣọ dúdú dì láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ ń dán wá pàdé rẹ̀.

"Kí ló wà nínú èyí?" ni Ọdẹ́rìnlọ bi í.

"Ohun tí o ń wá ni."

"Ṣé mo lè tú u wò?"

"Háà! Kò sí ẹni tí ń tú u wò. Tẹ ìka rẹ sí ìwé yìí, pé bí ó bá bù ọ́ jẹ, o kò ní béèrè ẹni tó bí i."

"Ilé tí màá mú un lọ kéré o, ó sì ti gbó."

"Wó o, kí o kọ́ òmíràn. Yàrá méje ni ó ń sùn sí, òrùlé tuntun ló sì ń fẹ́ lọ́dọọdún."

Ọdẹ́rìnlọ rìn yí ẹrù náà ká. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti rí ihò kékeré kan lára aṣọ, ojú kan sì wà nínú ihò náà tó ń wò ó, tó ń wo inú àwọn àpò rẹ̀, tó ń ka iye ẹran gbígbẹ tó wà níbẹ̀. Irun orí rẹ̀ dìde. Òun kò gbọdọ̀ wo ẹ̀mí, ẹ̀mí sì ń wo òun! Ó fa ìka rẹ̀ yọ lórí ìwé, ẹ̀mí náà bú ramúramù, ó fà á láṣọ ya, ó gbá tẹ̀ lé e.

"Mo bá a jà títí ilẹ̀ fi mì," ni ó sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ.

"O sá ni," ni Ògúnsakin wí.

"Mo sá, ṣùgbọ́n mo sá bí akọni. Ìwọ tí o sá fún òkété lọ́jọ́sí, ṣé o tún ní ẹnu?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn wọn fi jí. Nọ́ọ̀sì wọlé lọ, ó tún yọ. "Ó ti dé Omítóyìn. Bàbá, ẹ máa bọ̀."

Láti ibẹ̀ ó wọ Igbó Ẹgbàá Ilẹ̀kùn. Ààfin kan ṣoṣo ló wà láàárín igbó náà, ẹgbàá ilẹ̀kùn ló sì wà lára rẹ̀. Ọ̀kan wà fún àlejò, ọ̀kan fún atẹ́gùn, ọ̀kan fún ajá, ọ̀kan fún àlejò ajá. Ọba ààfin náà ń sáré kiri, ó ń tì wọ́n. Kí ó tó ti èyí tó kẹ́yìn, èyí àkọ́kọ́ ti ṣí.

"Kábíyèsí, ẹ jókòó, ẹ sinmi."

"Kí n jókòó bí ta ni? Láti ọdún mẹ́fà ni ìdí mi kò ti kan àga!"

Ọdẹ́rìnlọ wo ẹ̀yìn ọba. Orí ìtẹ́ náà ni Olè Aláìlẹ́sẹ̀ jókòó sí, ó dé adé ọba, ó ń gbé iyán ọba mì.

"Kábíyèsí, nínú ẹgbàá ilẹ̀kùn yìí, mélòó lẹ ń lò?"

Ọba ronú. "Ọ̀kan."

"Kí wá ni ti ìyókù?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn."

Ọdẹ́rìnlọ bọ́ ẹ̀wù, òun àti ọba po ẹrẹ̀, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi ń dí ilẹ̀kùn. Ojú ń pọ́n olè bí ihò ti ń dín. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ̀. Nígbà tó ku ilẹ̀kùn ẹyọ kan, olè ju adé sílẹ̀, ó fò jáde, ó sì kígbe sẹ́yìn pé, "Ọdẹ, a ó pàdé nílé rẹ! Ẹni tó mọ ihò ẹlòmíràn dí kì í rí ti ara rẹ̀!" Ọba jókòó. Oorun gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ó ti ń hanrun ló fi ìka júwe ọ̀nà ibi tí ẹ̀mí onílẹ̀kùn kan wà, òkè kan tí orí rẹ̀ wọ inú kùrukùru.

Ọ̀nà òkè náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú abẹ; ẹni tó bá di ẹrù púpọ̀, yíyọ̀ ni yóò yọ̀. Ó ju àpò ẹran gbígbẹ nù, ó gun díẹ̀. Ó ju àpò ọta nù. Ó ju àpò tí ó kó ìrù gbogbo ẹran tó ti pa rí sí nù, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àpò mẹ́jọ ló jù, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ìgbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Ìkẹsàn-án nìkan ni kò jù, àpò ewé ejò.

Ní ẹnubodè orí òkè, ìyá arúgbó kan jókòó tí kò ga ju ìkòkò omi lọ. Arínúróde ni orúkọ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ mọ́ gaara bí omi inú ife; Ọdẹ́rìnlọ rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù, ó sì rí ẹ̀kọ tó mu láàárọ̀.

"Ìyá, ẹ̀kọ yín kò tíì dà," ni ó wí.

"Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Bí ó bá ní eṣinṣin nínú, sọ fún mi. Ìwọ dá mi lóhùn: kí ni gbogbo ayé ń rí, tí olè kò lè jí?"

"Oòrùn."

"O gbà á. Kí ni ènìyàn fi pamọ́ kó má bàa sọnù, tí ìfipamọ́ náà sì sọ ọ́ nù?"

"Ẹran ìgbẹ́!" ni Ọdẹ́rìnlọ kígbe. "Mo fi itan ìgalà kan pamọ́ fún àwọn ìyàwó mi rí, ìdin ló bá mi jẹ ẹ́."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ inú rẹ̀ fi ń mì. "O súnmọ́ ọn. Ìdáhùn tó kù wà nínú àpò tí o kọ̀ láti jù. Wọlé."

Òkè Gbangba ni ìlú náà. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò! Àwọn ẹ̀mí ẹ̀rọ ibẹ̀ kò wọ aṣọ kankan, inú gbogbo wọn mọ́ gaara, ọmọdé àgbà jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ka inú wọn bí ẹni ń ka ìwé. Bí ẹnì kan bá rí ibi tó sán, kì í fi ṣe àṣírí tà, ariwo ló máa pa. Ẹlòmíràn tí wọn kò mọ̀ rí á ti ọ̀nà jíjìn wá, á lẹ̀ ẹ́, á sì máa lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé Fúyẹ́ lé Ọdẹ́rìnlọ lọ́wọ́, kò ju ekùrọ́ kan lọ. Ìyá Arínúróde sì kì í:

"Fúyẹ́, abara fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹlé,
A-jókòó-sígun-yàrá, jẹ́ kí onílé na ẹsẹ̀.
Oúnjẹ tó yó eèrà, ó tó ọ ṣiṣẹ́ ọdún.
Onílẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí kò ṣí fún ẹni tí kò lédìdì.
Abẹ́rẹ́ kékeré, adìẹ ò gbé ọ mì.
A-ṣínú-han-ayé, olè ò ríbi sá sí."

"Èló ni?" ni Ọdẹ́rìnlọ bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni. Àṣẹ kan ló wà: ẹ má bò ó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú rí i. Ohun tí ẹ bá sì tún ṣe lára rẹ̀, ẹ rán an padà sí wa, kí ará ibòmíràn jẹ nínú rẹ̀."

Ọdẹ́rìnlọ pàtẹ́wọ́ kan. "Mo gbà á, mo gbé e wálé, ó parí. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yìí?"

Kò sẹ́ni tó hó. Ògúnsakin kúrò lára igi.

"Kò parí. Orí òkè ni o wà nísinsìnyí. Kí lo fi gbé e sọ̀kalẹ̀?"

"Ọwọ́ mi."

"Kí ló dé tí o ní kí á kọ̀yìn sí ọ láná?"

Ọdẹ́rìnlọ tún fi ọwọ́ kan àpò ìbàdí rẹ̀. Láti inú ilé, Tinúọlá ké, igbe náà gùn, ó sì já ní àárín.

"Ó ti dé Subúọlá," ni Nọ́ọ̀sì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣ ló kù."

Ẹnu tí kò gbó rárá wá gbó lójijì. Ọdẹ́rìnlọ wo ilẹ̀. "Ní ẹsẹ̀ òkè," ni ó wí, "mo wò ó, ó wà níhòòhò lọ́wọ́ mi. Ìbẹ̀rù bà mí. Ọdẹ ni mí. Ta ló rí oògùn ọdẹ tó wà ní gbangba rí? Bàbá mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo mú awọ etu, mo rán an mọ́nú rẹ̀, mo dì í pinpin. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Fúyẹ́ gbọ̀n. Mo ṣe bí ẹ̀rín ló ń rín."

 Nọ́ọ̀sì Ìbídùn sáré wọlé, ó fi abẹ gé awọ náà nínú ẹ̀rọ, ó sì gbé Fúyẹ́ jáde sínú oòrùn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohùn kékeré kan jáde, ó mọ́ bí agogo:

"Ẹ ṣeun. Olè wà nínú mi, n kò sì ní ṣí àpótí lójú olè. Ẹ̀yìn mi ló gbà wọlé, ojú mi kò sì rí ẹ̀yìn mi. Ẹ bá mi wò ó."

Ọdẹ́rìnlọ gbé e súnmọ́ ojú, bàìbàì ni. Ó fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń ka inú rẹ̀, ọmọ kan fẹ́ jù ú sẹ́nu. Nígbà tó dé ọwọ́ Ògúnsakin, ọkùnrin tí ń rí ipasẹ̀ eèrà lórí àpáta, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró.

"Níhìn-ín. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ nìyí, Ọdẹ́rìnlọ. Ìwọ gan-an lo lanu ògiri."

Fúyẹ́ fẹ́ ara rẹ̀, ó sín ṣíí! Olè Aláìlẹ́sẹ̀ bọ́ jáde láti ojú ihò náà, ó kéré bí kòkòrò, oòrùn pa á lójú, ó bá afẹ́fẹ́ lọ pẹ̀lú igbe. Obìnrin kan tí ń dirun tú òwú dúdú lára tirẹ̀, ó dí ihò náà, ó dì í ní kókó mẹ́ta, wọ́n dá Fúyẹ́ padà sínú ẹ̀rọ láìbò ó. Àgádágodo bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, Subúọlá, Omítóyìn, Mopélọ́lá, títí dé A. Ojú ìwé Tinúọlá ṣí, funfun báláú.

Nọ́ọ̀sì kà á. Abẹ́rẹ́ kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ejò kalẹ̀, ó mú òmíràn.

Kí oòrùn tó yẹ̀ kúrò lórí igi, ọmọ ti ké. Obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń béèrè omi. Ọlọ́run Ọba, a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì sì jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó kọ ìwé sí Òkè Gbangba pé abẹ́rẹ́ lè lu Fúyẹ́ lẹ́yìn, pé òwú ìdirun ni àwọn fi dí i, kí wọ́n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, kí gbogbo ilé tí Fúyẹ́ ń gbé lè jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn obìnrin gbé ọmọ wọn lọ sílé. Ó ku ọdẹ méjì níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ọdẹ́rìnlọ tú àpò kẹsàn-án kúrò ní ìbàdí, ó tú okùn rẹ̀, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí àga láàárín òun àti Ògúnsakin. Ewé ejò ló dà síbẹ̀. Ewé méjì ṣì ní ìrísí, ìkẹta ti di lẹ́búlẹ́bú. Ògúnsakin kò rẹ́rìn-ín.

"Ewé mẹ́ta ni," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Láti ọdún tó kọjá ni orúkọ ẹ̀kẹta ti bọ́ lórí mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ejò bá bu ọmọ ẹnìkan jẹ lọ́la, n kò ní nǹkan kan lọ́wọ́." Ó ti lẹ́búlẹ́bú náà sí iwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ògúnsakin, jọ̀ọ́, bá mi wò ó."